Pèpéle Wó Kí Ariwo Rẹ̀ Tó Dé

"Ó tún ti dúró."

Ọ̀gá Ṣé-Bẹ́ẹ̀-Ni kò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ó ti mọ ohùn yẹn láti àná: ohùn ẹni tí okùn ewúrẹ́ já mọ́ lọ́wọ́, tí kò mọ èwo ni kí òun bínú sí, ewúrẹ́ ni àbí okùn.

"Níbo ló dúró sí?"

"Ibi tó máa ń dúró sí náà ni, Ọ̀gá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yìí ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí olè bá ní òun ń sùn nílé nígbà tí wọ́n fọ́ ilé onílé, á ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bí ẹni tó ń ta omi lẹ́nu géètì bá ní omi òun tutù, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó fọwọ́ kan ike omi náà. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, sùúrù rẹ̀ sì ti ń tán lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni sájẹ́ǹtì tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àgọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kò ní àlàyé fún. Bí àlàyé náà bá jẹ́ òdodo, ọpẹ́ ni. Bí kò bá jẹ́ òdodo, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀ràn tó wà níwájú wọn kò lọ́jú pọ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn nínú gbọ̀ngàn wọn. Káfíńtà kan ti ṣe pèpéle onípákó síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè dúró lé e kọrin. Nígbà tí orin wọ̀ wọ́n lára tán, pèpéle wó láàárín. Orí kó àwọn ọmọdé yọ, ìfarapa wẹ́wẹ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ orin tó dúró níwájú wọn lórí pèpéle já sínú ihò náà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́pàá yọjú sí abẹ́ pèpéle, òpó tó yẹ kó gbé àárín dúró kò sí níbẹ̀.

Káfíńtà búra pé òun fi í síbẹ̀. Nítorí pé wọ́n máa tú pèpéle náà palẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ ni òun kò ṣe kàn án níṣòó; ńṣe ni òun fi há a kó le. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ rí òpó kan láàárín àwókù pákó lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ní, "Òpó tó o gbàgbé láti fi síbẹ̀ nìyí." Wọ́n tì í mọ́lé.

Oníkámẹ́rà kan ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ń dánrawò láàárọ̀ títí pèpéle fi wó. Ó kó o sínú àwo DVD, ó sì gbé e fún ọlọ́pàá. Adájọ́ ní òun fẹ́ wò ó ní òwúrọ̀ ọ̀la kí òun tó pinnu bóyá káfíńtà yóò lọ dúró de ìgbẹ́jọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kóòtù kò ní ihò tí wọ́n ń ki àwo bọ̀ mọ́. Fáìlì ni wọ́n fẹ́, nínú fíláàṣì. Wọ́n tiẹ̀ fi fíláàṣì tiwọn ránṣẹ́. Iṣẹ́ yí-i-padà lásán, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò ní ju kí èèyàn mu tíì lọ, ló ti di ọjọ́ kejì yìí.

"Àwo yìí ló họ, Ọ̀gá." Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e kọjú sí iná. Lóòótọ́, ìlà tín-ín-rín kan wà lójú rẹ̀, bí ibi tí ọmọ ológbò fi èékánná họ. "Ẹni tó gbé e wá kò fi sínú páálí rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ka á bọ̀, tó bá dé ojú ibi tó họ, ó parí."

Ó ti fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ó ti fi omi nù ún. Ní àárọ̀ yìí, ó fi ọṣẹ ìfọyín pa á, torí ẹnìkan ní ó máa ń ṣiṣẹ́, gbogbo yàrá wá ń ta sánsán bí ẹnu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwo ń dán, fáìlì ò parí.

Ọ̀gá fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Àná, nígbà àkọ́kọ́, kí ló wà nínú àwòrán níbi tó dúró sí?"

"Ọ̀gá ilé-ìwé ń kí àwọn àlejò."

"Nígbà kejì ńkọ́?"

"Mo dín dídán àwòrán kù díẹ̀ kó lè yá. Ó dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń tò lọ sórí pèpéle."

"Òní?"

"Mo tún dín in kù. Ó ku díẹ̀ kí pèpéle wó."

"O wá ní ibi kan náà ló ń dúró sí."

"Ìwọ̀n fáìlì náà ni mo ní lọ́kàn, Ọ̀gá. Tó bá ti di gíìgì mẹ́rin, ó dúró nìyẹn."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. "Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ihò bá wà lójú ọ̀nà, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó wa ọkọ̀, ojú ibi kan náà ni wọ́n máa já sí. Ìwọ já sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ní ihò. Ẹnìkan ló dúró síbì kan tó ń wọn ẹrù, tó ń sọ pé, eléyìí ti wúwo jù, kò gbọdọ̀ wọlé. Níbo lò ń kó fáìlì náà sí?"

"Inú fíláàṣì kóòtù. Ṣùgbọ́n àyè wà níbẹ̀ dáadáa, Ọ̀gá, ó lè gba gíìgì tó lé ní ọgbọ̀n…" Ó wo fíláàṣì náà. Ó wá fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Áà! Ètò àtijọ́ ni wọ́n fi tún inú rẹ̀ ṣe! Bó ti wù kí àyè pọ̀ níbẹ̀ tó, fáìlì ẹyọ kan kò gbọdọ̀ wúwo ju gíìgì mẹ́rin lọ. Bí ilé ńlá tí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ sí."

"Ìwọ mọ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O wá ń fi ọṣẹ fọ eyín fún àwo."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ fíláàṣì náà. Ó kó fáìlì sínú ikùn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìlà àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹ̀rọ, ó kọjá ibi tó ti ń dúró, ó ń lọ.

* * *

Fóònù dún lápò Ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni.

"Àbúrò, wọ́n ní o wà nídìí àwo DVD láti àná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

"Iṣẹ́ náà ni mo ń wí. Mo ní àwọn kan nínú àpótí mi tí ẹnikẹ́ni ò lè wò mọ́. Tó o bá ti ń ṣe ti ìjọba…"

"Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é, mà. Èmi kàn ń bínú sí i ni."

"Máa bínú sí tèmi náà mọ́ ọn. Màá gbé e wá lọ́la."

Kó tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n ti pa fóònù. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó sì jáde lọ na ẹsẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó káfíńtà jókòó, báàgì aṣọ kan lórí itan rẹ̀. Aṣọ mímọ́ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò tíì rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí Ọ̀gá.

"Ẹ jókòó, ìyàwó mi. Ẹ̀rọ ti ń rìn."

"Ẹ ṣé, mà." Ó jókòó, ṣùgbọ́n ní etí bẹ́ǹṣì ni. "Mà, mi ò mọ̀wé ẹ̀rọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àga tí ọkọ mi kàn fún àkọ́bí wa, àkọ́bí náà ti bí ọmọ, ọmọ ti ń jókòó lórí rẹ̀. Àga náà ò tíì mì. Ẹni tó ń ṣe báyẹn kì í gbàgbé òpó."

Ọ̀gá Ṣé-Bẹ́ẹ̀-Ni kò béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá bi obìnrin yìí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ó máa sunkún. Ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà, ó ní, "Fún ọkùnrin náà. Nísinsìnyí, kì í ṣe tó bá yá."

"Ọ̀gá!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ké láti inú. "Ó ti parí! Ẹ máa bọ̀!"

* * *

Pèpéle wó láìsí ariwo.

Wọ́n jọ wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Pákó ṣẹ́ láàárín, àwọn ọmọ yí lu ara wọn, olùkọ́ orin gbé ọwọ́ sókè, ó sì pòórá. Gbogbo ìgbà yẹn, orin ń lọ geerege. Àwọn ọmọ tó ti dojú délẹ̀ ṣì ń kọrin ayọ̀. Àwọn òbí ti dìde, ẹnu wọn là sílẹ̀ láìsí igbe. Ó pẹ́ díẹ̀, olùkọ́ orin ti wà nínú ihò, kí ìró pákó tó dún gbàà, kí igbe tó tẹ̀lé e.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. "Kí nìyẹn?"

"Ohùn ló pẹ́ lẹ́yìn àwòrán. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá ń yí fídíò padà. Ẹ jẹ́ kí n fa ohùn síwájú."

Ó fa ohùn síwájú títí ìró fi bá ìwó pèpéle mu. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kó padà síbẹ̀rẹ̀, níbi táwọn ọmọ ti ń dánrawò láàárọ̀. Wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó pa ẹnu dé, tí orin sì ti ń jáde kí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Tún ibẹ̀ ṣe."

Ó tún un ṣe. Ìparí tún bàjẹ́. Ó tún ìparí ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, bí ẹni tí aṣọ ìbora rẹ̀ kúrú: tó bá bo orí, ẹsẹ̀ á yọ síta. Ó ní bóyá iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kò bára mu. Ó yí ìyẹn. Kò yí nǹkan kan. Ó ní bóyá kí àwọn lo irinṣẹ́ mìíràn. Wọ́n lò ó. Ọmọ kan náà ni ó bí.

Ọ̀gá àgbà àgọ́ náà yọ orí wọlé. "Ṣé fáìlì ti wà?"

"Ó wà, sà. Ó ya wèrè ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn.

"Adájọ́ ò ní gba fáìlì tó ya wèrè."

"Mo mọ̀, sà."

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, Ọ̀gá Ṣé-Bẹ́ẹ̀-Ni gba máòsì lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Gbé èyí tó kọ́kọ́ jáde wá, èyí tó o kò tíì tún ṣe. Èyí tó ti bàjẹ́ láti ilé ni mo fẹ́."

"Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, ìyẹn ni kò dára."

"Láti àárọ̀ lo ti ń pa ẹni tó ń ké lẹ́nu mọ́. Jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń ké lé lórí." Ó na ìka méjì sókè. "Èèyàn méjì jọ ń rìn: àwòrán nìyí, ohùn nìyí. Bí ohùn bá pẹ́ kó tó kúrò nílé, láti ẹnu ọ̀nà ni a ó ti rí i pé ó wà lẹ́yìn. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá wúwo ju ti èkejì lọ, àárín wọn á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ìyẹn ni mo pè ní iye àwòrán tí kò bára mu."

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, tí ọ̀kan wá ṣàdédé wà níwájú, kí ló ṣe?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú. "Ó sáré?"

"A ò rí i kó sáré. Àbùjá ló gbà. Ọ̀nà kan wà tí èkejì rìn, tí òun kò rìn. Bọ́ sí àárín fídíò náà."

Ní àárín, ọ̀gá ilé-ìwé ń kí àlejò. Ó ti kí wọn tán, ó ti jókòó, ohùn rẹ̀ ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Wọ́n padà sẹ́yìn, sí ibi tí àwọn ọmọ ti parí ìdánrawò tí wọ́n ń jáde. Olùkọ́ orin pàtẹ́wọ́ fún wọn: ọwọ́ pàdé ọwọ́, ìró dún lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò tíì bàjẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, láàárín ibi méjèèjì yìí ni. Ọ̀gá ń gé àárín wọn sí méjì, ó tún ń gé ìdajì sí méjì, bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ẹ̀wà, títí tó fi kù bín-ín-tín.

Gbọ̀ngàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dì í mú, torí àwòrán kò mì rárá. Obìnrin kan gbé àga pupa wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ búlúù tí wọ́n fi bo iwájú pèpéle tẹ́ dáadáa dé ilẹ̀.

"Dúró níbẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Rọra lọ síwájú."

Àwòrán fò, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú. Obìnrin náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, àga pupa ti wà nídìí ògiri. Aṣọ búlúù ṣì bo iwájú pèpéle, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ti ká sókè.

"Ẹnìkan gé e," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó gé àwòrán. Fi íápíìsì bọ etí mi."

Lójú ẹ̀rọ, gbọ̀ngàn dákẹ́, àga wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí Ọ̀gá, ohùn ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀, ó jìnnà díẹ̀, ó ń mí gúlegúle: *Bá mi gbé aṣọ yẹn sókè. Igi yìí ló dí i, wáyà ò kọjá.* Ìró bí ẹni ń ta nǹkan nípàá. *Kò fẹ́ jáde. Dúró.* Ìpàá mìíràn, òmíràn, ìgbà tó yá, igi wọ́ nílẹ̀ gìrìrì. *A ó dá a padà tá a bá ti ṣe tán.*

Ó yọ íápíìsì. Ó gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ó má bàa ṣi ẹnikẹ́ni mú, ó ní kí wọ́n gbé àwo náà lọ sínú ẹ̀rọ DVD àtijọ́ tó wà lára tẹlifíṣọ̀n ìta. Ibi kan náà ló ti fò, ohùn kan náà ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jẹ̀bi.

"Ọlọ́pàá mélòó ló ti wo àwo yìí?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wó nìkan la máa ń wò. Tí ìró bá pẹ́, a ní ẹ̀rọ ló gbó."

"Ta ló ń fa wáyà nínú gbọ̀ngàn yẹn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí i. "Oníkámẹ́rà. Wáyà iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, yóò ní ẹ̀rọ tòun ló ṣe àṣìṣe nígbà tó ń kó o sínú àwo. Kò sí bá a ṣe lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ìyẹn ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa. Pè é. Sọ fún un pé àwo rẹ̀ ti sú wa. Irọ́ kọ́."

* * *

Oníkámẹ́rà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin arẹwà ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ó kí gbogbo ẹni tó bá lọ́nà.

"Mo gbọ́ pé iṣẹ́ mi ń yọ yín lẹ́nu, mà."

"Ẹ jókòó, bùrọ̀dá. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí." Ọ̀gá nawọ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. "Ọjọ́ kejì rèé. A yí fídíò padà, ohùn ò bá ẹnu mu. A fa ohùn, ìbẹ̀rẹ̀ bàjẹ́. Kóòtù fẹ́ ẹ lọ́la."

Oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín bí dókítà tó rí ibà lásán. "Ó wọ́pọ̀, mà. Kọ̀ǹpútà tó bá ti gbó, tó bá ń yí DVD padà, á máa sọ ohùn nù."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin náà ò gé nǹkan kan nígbà tí ẹ ń ṣe é? Tí ibì kan bá ṣókùnkùn, tàbí tí ẹnìkan dí kámẹ́rà?"

"Ó tì o. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Bí kámẹ́rà ṣe yà á ni mo ṣe kó o síbẹ̀."

"Nígbà tí àwọn ọmọ ti jáde, tí wọ́n ń to àga, níbo lẹ wà?"

"Mo ti lọ jẹun. Mi ò tiẹ̀ súnmọ́ iwájú yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

Oníkámẹ́rà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. "Mo ní i nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ó wà nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe tuntun. Màá yí i sí fáìlì tààrà. Ohùn á bá ẹnu mu."

"Ẹ máa ṣe oore ńlá fún mi."

Ó lọ síta, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, Ọ̀gá ń wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó wọlé padà, ó gbé fáìlì náà lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgberaga. Wọ́n wò ó. Olùkọ́ orin pàtẹ́wọ́, ó bára mu. Ọ̀gá ilé-ìwé kí àlejò, ó bára mu. Pèpéle wó, ìró rẹ̀ dún gbàà ní ojú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ ò ní pẹ́ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé méjèèjì sí ibi àga pupa. Ti àkọ́kọ́ ná."

Ohùn náà kún yàrá. *Bá mi gbé aṣọ yẹn sókè. Igi yìí ló dí i.*

Ẹ̀rín kúrò lójú oníkámẹ́rà.

"Ti tuntun wàyí."

Obìnrin, àga pupa, ariwo díẹ̀ láti ìta. Kò sí ohùn ọkùnrin kankan, kò sí ìpàá, kò sí igi tó wọ́ nílẹ̀.

"Mo rò pé kọ̀ǹpútà wa ló ń sọ ohùn nù," ni Ọ̀gá wí. "Tiwa ló ní in o. Tiyín ló sọ ọ́ nù. Kò sì sọ nǹkan mìíràn nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ibi tí ẹnìkan ti ń yọ òpó. Bùrọ̀dá, ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ kì í yan gbólóhùn. Èèyàn ló ń yàn."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

"Àwòrán lẹ kọ́kọ́ gé, ẹ gbàgbé ohùn. Mo ní kí ẹ wá tún un ṣe, ẹ kò bi mí níbo ló ti bàjẹ́. Ẹ kàn lọ gé ohùn náà. Ẹ ti mọ ojú ibẹ̀."

Oníkámẹ́rà wo ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti inú íápíìsì, ó ń mí gúlegúle. "Mo fẹ́ dá a padà. Mo búra. Wáyà iná ò dé ibi tí mo fẹ́, abẹ́ pèpéle ló yá jù. Bí mo ṣe yọ ọ́ tán ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ní kò séwu, àwọn ọmọdé ni, wọn ò wúwo. Kí n tó mọ̀…" Ó fọwọ́ bojú. "Lẹ́yìn tó wó, mo sáré tú wáyà, mo ju igi náà sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ń yà mí. Ilé ni mo dé tí mo rí ara mi. Ìyàwó mi ló di aṣọ mú, mà. Ẹ dákun, kò mọ ohun tí igi náà ń ṣe níbẹ̀."

"Ẹ sì wò ó tí wọ́n ti káfíńtà mọ́lé."

"Mo rò pé wọ́n máa tú u sílẹ̀ láìpẹ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìbéèrè. "Láti ọjọ́ yẹn, orí sìmẹ́ǹtì ló ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì wa lójoojúmọ́. Ẹ kọjá lára rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọlé. Ẹ kí i." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Níbo ni ibi tí ẹ gé wà?"

Ó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká náà. Ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á láti pa á rẹ́.

* * *

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀gá àgbà ti bá kóòtù sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti mú káfíńtà jáde. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹnìkan tún lè já a gbà. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e fún un. Aṣọ búlúù ká sókè. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan tẹ̀ wọ abẹ́ pèpéle. Ó fa òpó náà, kò wá. Ó ta á nípàá, kò mì. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, ó tún tì í, ó nu òógùn, ó tún tì í. Ó pẹ́ kí òpó náà tó jùwọ́ sílẹ̀.

Gbogbo yàrá ń retí kí káfíńtà ṣépè. Ó fi ìka kan àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ tún un gbé."

Wọ́n tún un gbé. Ó súnmọ́ ọn, ó ń wo òpó rẹ̀ bí ó ti ń kọ̀ tí kò fẹ́ jáde.

"Ó há dáadáa," ni ó wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. "Ṣé o rí i? Mo fi í há dáadáa."

"Mo rí i," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Gbogbo wọn ti rí i."

Ọ̀gá Ṣé-Bẹ́ẹ̀-Ni wo ìta fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, káfíńtà ti ń fọwọ́ tún kọ́là ẹ̀wù mímọ́ tó wọ̀ ṣe.

"Ẹ máa lọ sinmi nílé," ni Ọ̀gá sọ fún un.

"Rárá, mà. Ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ ń lọ." Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Olùkọ́ orin ṣì rò pé èmi ni."